Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Sófà Tó Máa Tu Gbogbo Ará Ilé Lára

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ yín ti ń parí ilé sí Kábà, Ìyàrà, Mòpà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, ìbéèrè kan ni ẹ kò yé bi mí: irú sófà wo ni kí a rà tí kò ní máa dùn wá lẹ́yìn? Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí orúnkún tàbí ẹ̀yìn ń dùn jù nínú ilé, kí ẹ sì fi ara rẹ̀ wọn àga náà. Àga tí ìyá yín lè jókòó sí títí tí ìsìn orí rédíò fi parí, tó sì lè dìde lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fà á lọ́wọ́, kò ní ni ọmọdé lára. Àmọ́ àga tí a yàn torí pé aṣọ rẹ̀ ń dán lè di ìnira fún àgbàlagbà kí ọdún tó yípo.

Ohun tí mo kọ síbí wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, Ìlọrin tàbí Abùjá, ó sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún káfíńtà àdúgbò. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe wà: ìwọ̀n ilé ṣáájú, ìwọ̀n ara tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà igi, fóòmù, kí ó tó wá kan aṣọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ wá téèpù, ìwé àti bírò.

1. Ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ pálọ̀. Ẹ sàmì sí ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí dé, ibi tí fèrèsé wà, àti ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná wà.

2. Ẹ wọn ọ̀nà tí àga máa gbà wọlé. Ẹ wọn ilẹ̀kùn ìta, ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ̀rọ̀ tí wọ́n máa yà, àti àtẹ̀gùn bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Inú férémù ni kí ẹ ti wọn ilẹ̀kùn, kí ẹ sì yọ ibi tí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ gbà nígbà tó bá ṣí sílẹ̀. Ilẹ̀kùn tí wọ́n pè ní ẹsẹ̀ bàtà 3 kì í fún yín ní ẹsẹ̀ bàtà 3 gidi. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró la yàrá láàárín, sófà gígùn kì í lè yà rárá, bó ti wù kí àwọn ọkùnrin tó gbé e lágbára tó.

3. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tàbí okùn ya ìwọ̀n àga náà sí ilẹ̀ pálọ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ máa rìn kọjá létí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbé abọ́ oúnjẹ kọjá, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ibi tí èèyàn ń gbà kọjá nílò íǹṣì 30 ó kéré tán. Láàárín etí àga àti tábìlì àárín, íǹṣì 16 sí 18 ti tó, ẹsẹ̀ á ráyè, ọwọ́ á sì tó ife omi.

4. Ẹ ka àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò nǹkan bí íǹṣì 22 ní ìbú. Nítorí náà, sófà ẹlẹ́ni mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní íǹṣì 66 láàárín apá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́ni mẹ́ta kò tó bẹ́ẹ̀, torí apá àga tó sanra ti jẹ àyè náà tán. Inú apá sí inú apá ni kí ẹ wọn, kì í ṣe ìta sí ìta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra sófà nítorí èrò ọjọ́ ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó. Àga rọ́bà tí a ń yá wà fún ìyẹn. Àwọn tó ń sùn tí wọ́n ń jí nínú ilé ni kí ẹ ra sófà fún.

Ìwọ̀n tó bá ara mu

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù nìyí, torí àga tí igi rẹ̀ le, tí fóòmù rẹ̀ sì dára, ṣì lè máa dun èèyàn bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá bá ara ẹni tó jókòó sí i mu.

*Gíga ìjókòó.* Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà ilé jókòó sórí àga onígi lásán, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ dáadáa. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Ìwọ̀n yẹn ni kí ìjókòó sófà jẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti jókòó tí fóòmù sì ti rẹlẹ̀, tàbí kó fi íǹṣì kan ga jù ú lọ fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń bọ́ sí íǹṣì 16 sí 18. Bí àga bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, orúnkún á ga ju ìdí lọ, gbogbo agbára ìdìde á sì já lé orúnkún náà. Ẹ rántí pé íǹṣì 18 tí ẹ wọn nígbà tí àga wà lófìfo lè di 15 bí fóòmù bá rọ̀ jù. Ẹnì kan ní láti jókòó sórí rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

*Jíjìn ìjókòó.* Ẹ jẹ́ kí ìdí yín kan ẹ̀yìn àga pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìka mẹ́ta bọ àárín etí àga àti ẹ̀yìn orúnkún yín. Bí ìka náà bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dára. Bí etí àga bá ń tẹ ẹ̀yìn orúnkún, àga náà jìn jù fún yín: ẹ ó máa sún síwájú, ẹ̀yìn yín á máa wà lófìfo, nígbà tó bá sì dalẹ́ ẹ̀yìn á máa ro yín. Íǹṣì 20 sí 22 bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu. Àwọn sófà ìgbàlódé tó jìn tó íǹṣì 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dára fún ẹni tó fẹ́ ká ẹsẹ̀ lérí tàbí tó fẹ́ fi í sùn, àmọ́ wọ́n máa ń yọ ìyá àgbà lẹ́nu. Bí ẹ bá ti rà á ná, ẹ fi ìrọ̀rí tó le díẹ̀ sí ẹ̀yìn ẹni tí kò ga.

*Ẹ̀yìn àga.* Ó kéré tán, kó dé èjìká. Bí bàbá bá máa ń tòògbé níbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ jẹ́ kó gbé orí ró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọrùn á máa ro ó. Kí ẹ̀yìn náà fì sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá dúró ṣánṣán, kò sí bí ìsinmi ṣe fẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá sì dà sẹ́yìn jù, ìdìde á le.

*Apá àga.* Kó fi íǹṣì 7 sí 9 ga ju ibi tí a jókòó lé. Ìpẹ̀kun iwájú rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni àgbà máa ń fọwọ́ tì láti dìde. Bó bá jẹ́ fóòmù rírọ̀ lásán láìsí igi nísàlẹ̀, kò wúlò fún iṣẹ́ yẹn.

*Ìsàlẹ̀ àga.* Èyí ni ìwọ̀n tí wọ́n máa ń gbàgbé. Nígbà tí èèyàn bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ́ sẹ́yìn sí abẹ́ àga kó tó gbé ara sókè. Bí wọ́n bá fi pákó àti aṣọ bo iwájú àga dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ kò ráyè. Ẹ wá àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga tó íǹṣì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbálẹ̀ náà á ráyè wọlé, ẹ ó sì tètè rí ọ̀nà ikán bó bá ń gun ibẹ̀.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ wo ojú ẹni tó ni ọjà kí ẹ sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jókòó pẹ́ díẹ̀.” Ẹ jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ yọ bàtà, ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ yí sápá ọ̀tún, ẹ yí sápá òsì, ẹ dìde láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ kì í sọ òótọ́, torí fóòmù tó rọ̀ jù ló máa ń dùn mọ́ni jù nígbà náà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ mú àgbàlagbà náà dání. Bí kò bá lè rìnrìn àjò, ẹ mú ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Egungun inú àga

Igi ló ń gbé àga ró, ẹ kì í sì í rí i. Ìrókò, apá àti ọ̀gánwó jẹ́ igi tó le, ìrókò ní pàtàkì kì í tètè bọ́ sí ikán lẹ́nu. Igi ọmọ dára, kò sì wúwo tó àwọn yẹn. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, owó rẹ̀ kò sì ga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó púpọ̀. Àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ìṣó kì í sì í dúró pẹ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi arère ṣe ẹ̀yìn àga, mo lè gbà. Ẹsẹ̀ àga àti igi tó yí ìjókòó ká kò gbọ́dọ̀ jẹ́ arère. Kò pọn dandan kí gbogbo inú àga jẹ́ ìrókò, owó yẹn á pọ̀ lásán.

Bí igi ṣe gbẹ tó ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi igi tútù kan àga nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá dé, igi á fún, oríkèé á tú, àga á sì máa ké gbínrín-gbínrín. Igi tó gbẹ máa ń fúyẹ́ ju tútù lọ, kì í tutù lọ́wọ́, òórùn oje kì í sì í sí lára rẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà ìgbà tí wọ́n la igi náà àti ibi tí wọ́n tò ó sí. Ọ̀pọ̀ oṣù lábẹ́ òjìji, pẹ̀lú àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà láàárín pákó kan sí èkejì, ni igi nílò kó tó yẹ fún àga.

Bí ẹ ṣe lè dán egungun wò nínú ìsọ̀:

1. Ẹ gbé igun iwájú kan sókè ní nǹkan bí íǹṣì 6. Ẹsẹ̀ iwájú kejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kúrò nílẹ̀. Bí ó bá ṣì wà nílẹ̀, egungun àga náà ń lọ́, ẹ fi í sílẹ̀.
2. Ẹ di apá àga mú, kí ẹ tì í síta, kí ẹ fà á wọlé. Kò gbọ́dọ̀ mì.
3. Ẹ jókòó sí àárín sófà ẹlẹ́ni mẹ́ta, níbi tó ti gùn jù. Bó bá tẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹsẹ̀ kan wà lábẹ́ àárín. Sófà gígùn nílò rẹ̀.
4. Ẹ ní kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n ṣí igun kan lára aṣọ dúdú tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀. Ẹ wo igun inú: ó yẹ kí igi onígun mẹ́ta kékeré wà níbẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti sìkúrù dè. Bó bá jẹ́ ìṣó nìkan ni ẹ rí, àga náà kò ní pẹ́.
5. Ẹ wá ihò kéékèèké àti ìyẹ̀fun igi. Bí ẹ bá rí i, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wọ ilé yín, ó lè kó ran férémù ilẹ̀kùn àti pákó àjà.

Bí ẹni tó ń tajà bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Fóòmù

Ohun tí àwọn tó ń ta fóòmù ń pè ní dẹ́ńsítì ni bí fóòmù ṣe ki tó: ìwọ̀n kílò tó wà nínú mítà kan níbùú, lóròó, lókè. Kì í ṣe bó ṣe le lọ́wọ́ ni. Fóòmù lè le lónìí kó sì jẹ́ pé kò ki, irú ẹ̀ ló máa ń di kòtò láìpẹ́. Fún ìjókòó, ẹ béèrè 30 sókè. Bí owó kò bá tó, ẹ má lọ sísàlẹ̀ 25. Fún ẹ̀yìn àga, nǹkan bí 20 ti tó, torí ara kì í tẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Kí nínípọn ti ìjókòó tó íǹṣì 5 tàbí 6. Bí ẹni tó sanra bá wà nínú ilé, ẹ fi owó kún dẹ́ńsítì rẹ̀ dípò kí ẹ fi kún nínípọn.

Ẹnikẹ́ni lè kọ nọ́ḿbà sára fóòmù, nítorí náà ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Fóòmù tó jẹ́ íǹṣì 24 ní gígùn, 24 ní fífẹ̀, tó sì nípọn ní íǹṣì 6, yẹ kó wúwo tó kílò 1.7 bó bá jẹ́ dẹ́ńsítì 30. Bó bá jẹ́ 25, kílò 1.4 ni. Bí òṣùwọ̀n bá fi kílò 1 hàn, nǹkan bí 18 ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ohunkóhun tó wù kí wọ́n kọ sí i lára. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹja tútù lọ́jà ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Bí síìpù bá wà lára tìmùtìmù, ẹ ṣí i. Fóòmù kan ṣoṣo tí wọ́n gé pọ̀ ló yẹ kí ẹ rí. Bó bá jẹ́ àjákù oríṣiríṣi ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, á le ní ibì kan, á rọ̀ ní ibòmíràn, ìdí á sì máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé kí ló wà lábẹ́ fóòmù. Bó bá jẹ́ pílàíwúùdù lásán, ẹ ó máa kan pákó bí fóòmù bá ti darúgbó díẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì rọ́bà, ó máa ń tu ni lára, àmọ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n hun ún lọ́nà méjèèjì, tó sì fún dáadáa, torí rọ́bà máa ń dẹ̀ bó bá pẹ́. Sípírìn onírin tí wọ́n fi àpò tó nípọn bò kó má bàa jẹ fóòmù ni mo fẹ́ràn jù.

Ìkìlọ̀ kan tí n kò fẹ́ kí ẹ fojú fò: fóòmù máa ń yára jóná, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé tó lè pani kí iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹni. Àbẹ́là, àtùpà, oògùn ẹ̀fọn tí a ń dáná sí, àti sìgá kò gbọ́dọ̀ wà lórí apá àga tàbí nítòsí rẹ̀. Ẹ má gbé sófà ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa ń gbóná.

Aṣọ

Ilẹ̀ wa gbóná, Lọ́kọ́jà tó wà ní àfonífojì ibi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núé tún wá gbóná jù. Ọyẹ́ ń kó eruku wá, eruku pupa ojú ọ̀nà kò sì sinmi. Ìwọ̀nyí ni kí ẹ fi yan aṣọ.

Awọ àtọwọ́dá ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ torí ó rọrùn láti nù. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara nígbà ooru, òógùn àti ooru sì máa ń jẹ́ kó bó. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí bó, kò sí àtúnṣe ju kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Awọ gidi ń pẹ́, owó rẹ̀ wọ́n, ọyẹ́ sì lè là á bí ẹ kò bá ń fi ọ̀rá rẹ̀ pa á. Àrán rẹwà, ó rọ̀, àmọ́ ó ń mú eruku mọ́ra, ó sì ń mú ooru. Aṣọ híhun tó nípọn, tí òwú àti pólísítà jọ wà nínú rẹ̀, ni mo máa ń sọ fún ọ̀pọ̀ yín pé kí ẹ mú. Àwọ̀ rẹ̀ kó má funfun jù, kó má sì dúdú jù. Àwọ̀ erùpẹ̀, eérú tàbí ewé gbígbẹ kì í tètè fi eruku hàn.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta yìí kí ẹ tó sanwó:

- Ẹ na aṣọ náà sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín òwú, ó fẹ́lẹ́ jù.
- Ẹ fi aṣọ funfun tútù ra á. Bí àwọ̀ bá ràn, á ran aṣọ àlejò yín náà.
- Ẹ fi èékánná fà á. Bí òwú bá yọ, ẹ má mú un.

Ẹ ní kí wọ́n fi síìpù sí tìmùtìmù kí ẹ lè máa bọ́ ọ fọ̀. Ẹ ra yáàdì kan tàbí méjì lé e, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ń kàn lórí apá àga ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí pálọ̀ yín sọ ibi tí ẹ ti wá, aṣọ òfì tí àwọn ìyá wa hun, ti Bùnú bí àpẹẹrẹ, dára púpọ̀ fún ìrọ̀rí. Aṣọ ìpò kò sí nínú èyí o, aṣọ ìsìnkú àwọn àgbà ni.

Bó bá jẹ́ ilé tí ẹ máa ń tì pa

Ọ̀pọ̀ yín ń gbé ní Abùjá tàbí Èkó, ọdún Kérésì àti Àjíǹde nìkan ni ẹ ń wá sílé. Sófà tó bo ara rẹ̀ pátá, tó rì mọ́lẹ̀, kò dára fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Eku máa ń tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀, ikán máa ń gun ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Àga onígi tí egungun rẹ̀ hàn síta, tí tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé gbé kúrò, ni kí ẹ rà. Àga pàǹkẹ́rẹ́ náà dára bí ẹ bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ẹ tó ti ilé:

- Ẹ gbá oúnjẹ àti èérún kúrò lábẹ́ àga àti inú kọ̀rọ̀ rẹ̀.
- Ẹ fa àga kúrò lára ògiri, ó kéré tán íǹṣì 6.
- Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú agolo tàbí ife rọ́bà, kó má kan ilẹ̀.
- Ẹ to tìmùtìmù ní ìdúró sórí tábìlì kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn.
- Ẹ fi aṣọ ibùsùn bò wọ́n. Ẹ má fi ọ̀rá bò wọ́n, torí ọ̀rá máa ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú nígbà òjò, gbogbo rẹ̀ á sì bu.
- Ẹ wá ẹni tó máa ṣí fèrèsé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì máa wo abẹ́ àga fún ipa ikán.

Oògùn ikán tí wọ́n ń kùn sí igi, kí káfíńtà ti kùn ún kó tó fi fóòmù sí i, kó sì gbẹ dáadáa níta. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò kun abẹ́ àga. Ẹ má gbà fún wọn: ó ń rùn, ó ń yí aṣọ, ó sì ń ran iná lọ́wọ́. Káńfọ̀ tí a ń jù sí kọ̀rọ̀ àga jẹ́ májèlé fún ọmọdé bó bá gbé e mì, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò kí ọmọ tó wọlé.

Fún àwọn tó ń gbé létí odò ní Lọ́kọ́jà: omi 2012 àti ti 2022 wọ ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Níbẹ̀ pẹ̀lú, tìmùtìmù tó ṣeé gbá mú sá ló dára jù. Fóòmù tí omi àgbàrá bá ti wọ̀, ẹ má sá a lóòrùn láti tún lò ó. Ìdọ̀tí tó wọnú rẹ̀ kì í jáde mọ́.

Kí ẹ rà á tàbí kí ẹ kàn án?

Bí ẹ bá lè dé ọ̀dọ̀ káfíńtà ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí iṣẹ́, mo ní kí ẹ kàn án. Ẹ ó mọ igi tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ á bá ara yín mu, ọ̀nà tó kún fún kòtò kò sì ní gbọn oríkèé rẹ̀ tú láti Abùjá títí dé ilé. Bí ẹ kò bá lè wà nítòsí, ẹ ra èyí tí ẹ fojú rí tí ẹ sì jókòó lé. Kíkàn àga lórí fóònù láti ọ̀nà jíjìn ló ń fa ìjà jù láàárín àwa àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa.

Bí ẹ ṣe máa bá káfíńtà ṣe é:

1. Ẹ ní kó mú yín lọ síbi àga tó ti kàn fún ẹlòmíràn ní ọdún méjì sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jókòó lé e, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ onílé bó ṣe ń lò ó.
2. Ẹ kọ àdéhùn sínú ìwé: irú igi, gbogbo ìwọ̀n, dẹ́ńsítì àti nínípọn fóòmù, aṣọ, ọjọ́ tó máa parí. Fọ́tò nìkan kò tó, fọ́tò kì í fi jíjìn ìjókòó hàn.
3. Ẹ fúnra yín ra fóòmù, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì buwọ́ lu fóòmù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́.
4. Ẹ san owó ní ìgbà mẹ́ta: ti igi, ti fóòmù àti aṣọ, àti owó iṣẹ́ nígbà tí àga bá dé ilé. Ẹ má dá ti ìkẹyìn dúró bó bá ti ṣe é bó ṣe yẹ. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni.
5. Ẹ lọ wò ó kó tó fi aṣọ bò ó. Ìgbà yìí ni kí àgbàlagbà ilé jókòó lé e. Bí ìjókòó bá ga jù tàbí rẹlẹ̀ jù, ó ṣì rọrùn láti tún un ṣe.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, igi rẹ̀ sábà máa ń dára, àmọ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo ojú rírán rẹ̀ fún ìdun. Àmì dúdú kéékèèké lójú rírán ni ẹ̀rí wọn. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Òórùn ìbu kì í jáde nínú fóòmù, ẹ ní láti pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ṣírò owó yẹn mọ́ iye tí wọ́n pè é.

Sófà tó ṣe bíi lẹ́tà L gba ìbéèrè tirẹ̀: ṣé ọ̀nà méjì ló pín sí, àti pé apá wo ló gùn, ọ̀tún ni àbí òsì? Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ yín kí ẹ tó dáhùn. Èyí tí kò ṣeé pín, ẹ má rà á àyàfi bí ilẹ̀kùn yín bá fẹ̀ gan-an.

Bí owó kò bá tó

Àga ẹlẹ́nì kan méjì tó dára sàn ju odindi ọ̀wọ́ àga tí fóòmù rẹ̀ kò ki. Ẹ ra ti àgbàlagbà ilé ṣáájú. Àwọn yòókù lè máa lo àga onígi pẹ̀lú tìmùtìmù títí owó á fi wá.

Ẹ sì tún wo sófà àtijọ́ tó wà nílé kí ẹ tó gbé e jù síta. Ọ̀pọ̀ àga tí àwọn òbí wa kàn ní igi tó dára ju èyí tí ẹ fẹ́ rà lọ. Ẹ gbé igun rẹ̀ sókè bí mo ṣe ṣàlàyé, kí ẹ mì apá rẹ̀. Bí egungun rẹ̀ bá ṣì le, fóòmù tuntun, bẹ́líìtì tuntun àti aṣọ tuntun ti tó, owó rẹ̀ kì í sì í tó ti àga tuntun.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ títí lọ

Nígbà tí wọ́n bá ń gbé e bọ̀, kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ tó ṣeé yọ, kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn sábẹ́ okùn níbi tó ti kan apá àga, kí wọ́n sì mú tapólì dání bó bá jẹ́ ìgbà òjò. Bó bá dé, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí òórùn gọ́ọ̀mù lè jáde, pàápàá bí ẹni tó ní ikọ́ fée bá wà nínú ilé. Ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé sí tààrà, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí.

Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa gbọn tìmùtìmù níta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbẹ gbá kọ̀rọ̀ rẹ̀; omi kò dára lórí eruku, ẹrẹ̀ ló máa dì. Bí epo bá ta sí i, ẹ da ìyẹ̀fun tàbí páúdà lé e, kí ẹ jẹ́ kó fa epo náà kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n, kí ẹ wá fi ọṣẹ díẹ̀ nù ún láti etí àbàwọ́n wá sí àárín. Ẹ máa yí tìmùtìmù padà lóṣooṣù, èyí tó wà lọ́tùn-ún sí òsì, kí òkè di ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ mú sìkúrù ẹsẹ̀ àga le.